South Tyrol Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ: Ọjọ́ àti Gíga Ni Kí Ẹ Fi Ṣètò

Ọ̀pọ̀ ẹbí wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba, bí wọ́n bá gbọ́ òkè Alps, eré orí yìnyín ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ohun tó ń gbé èmi àti àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àti darandaran tí wọ́n ti ń gbé inú àfonífojì wọ̀nyẹn láti ìrandíran: ilé wọn, oúnjẹ wọn, eégún wọn, àti ìṣèlú tó fi ojú wọn rí màbo. South Tyrol ni mo mọ̀ dáadáa, ìyẹn ìpínlẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá Ítálì, tó bá Austria pààlà. Mo ti rí bí ìrìnàjò ṣe ń bàjẹ́ mọ́ àwọn òbí lọ́wọ́ níbẹ̀, owó kọ́ ló sì sábà máa ń fà á. Ọjọ́ ni, àti gíga. Ẹni tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, fọ́tò ilé onígi àti òdòdó ojú fèrèsé ni yóò kó padà sílé. Ẹni tó bá sì fi ìwàǹwára gòkè, ó lè jẹ́ ọsibítù ni yóò ti lo ìyókù ìsinmi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́ ṣáájú. Kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ àti ti ìjọ Àgùdà ni gbogbo àṣà ibẹ̀ rọ̀ mọ́, ti ilé ìwé àwọn ọmọ wa kì í sì í fẹ́ bá a mu. Oṣù kẹjọ tí gbogbo òbí máa ń rìn ni àkókò tí àṣà dákẹ́ jù: màlúù àti àgùntàn wà lókè, àgbẹ̀ wà nídìí koríko tó ń gé pamọ́ de ìgbà òtútù, àlejò sì kún ibi gbogbo. Àárín oṣù kẹfà ni àgùntàn ń gòkè, àárín oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ilé ìwé ń lọ lọ́wọ́ nígbà méjèèjì. Iná Ọkàn Mímọ́ Jésù tún wà, tí wọ́n ń dá sórí àwọn òkè lálẹ́ láti rántí ẹ̀jẹ́ tí àwọn aṣojú Tyrol jẹ́ ní Bolzano, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ní 1796 nígbà tí ọmọ ogun Faransé ń bọ̀ wá bá wọn. Ọjọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ń dá a, nítorí náà ó lè bọ́ sí ìparí oṣù karùn-ún, ó sì lè di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Orí òkè pẹrẹsẹ Ritten, lókè Bolzano, ni mo mọ̀ tí ojú ti ń rí iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó bá ìsinmi ilé ìwé mu jù ni Törggelen. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá títí di nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá ni àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Eisack àti agbègbè Bolzano máa ń ṣí yàrá onígi ilé wọn fún àlejò, kí wọ́n wá jẹun, kí wọ́n sì tọ́ wáìnì tuntun wò. Ìsinmi àárín sáà tó máa ń wà ní ìparí oṣù kẹwàá bọ́ sí inú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀ẹ̀kan péré láti lọ, ìgbà yẹn ni màá ní kí ẹ lọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Keschtnweg, tó gba inú igbó igi chestnut kọjá láti ẹ̀bá Brixen wá sí ẹ̀bá Bolzano. Ẹ má ṣe rò ó pé ẹ máa rìn ín tán. Ẹ mú abala kan tí ọmọdé lè rìn fún wákàtí méjì, kó parí sí ilé oko tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Tábìlì wọn kì í pọ̀, ẹni tó bá kàn yọjú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tàbí Àìkú lè rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ àmọ́ àyè kò sí.

Oúnjẹ náà máa ń tò tẹ̀ léra: ọbẹ̀ ọkà bálì, Schlutzkrapfen (pásítà tí wọ́n ń di nǹkan sínú) tàbí Knödel, àwo ẹran pẹ̀lú kábéèjì kíkan, chestnut sísun ló ń kẹ́yìn. Kí àwọn Mùsùlùmí inú wa gbọ́ èyí dáadáa: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ọbẹ̀ ọkà bálì tí èèyàn á rò pé ọkà lásán ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sá sí èéfín ni wọ́n sábà fi ń sè é. Knödel jẹ́ búrẹ́dì àná tí wọ́n pò mọ́ ẹyin àti mílíìkì, tí wọ́n wá ṣù roboto, tí wọ́n bọ̀. Speck, ìyẹn itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, ló wà nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oníwàràkàṣì tàbí ẹlẹ́fọ̀ọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fi se omi ọbẹ̀ tí wọ́n bù ú sí. Schlutzkrapfen dára jù fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, torí ẹ̀fọ́ àti wàràkàṣì funfun ni wọ́n ń dì sínú rẹ̀, bọ́tà yíyọ́ ni wọ́n sì ń dà lé e lórí. Orí fóònù ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá gbé àwo dé. Oje àjàrà tí wọ́n ń pè ní Süßer sì wà, ó dùn, ọmọdé á sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan, ọtí ti ń wọ inú rẹ̀. Oje ápù ni ti ọmọdé.

Ti físà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ì báà ti gbé ní Ìlú Ọba fún ogún ọdún, físà Schengen ló máa fi wọlé bí ó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà yẹn nìkan ló ní. Ọmọ rẹ̀ tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀ fún ìbẹ̀wò kékeré. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sùn jù ni ẹ ti ń béèrè. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ohun tó dín ní ọjọ́ 15. Láti oṣù kẹfà 2024, Yúrò 90 ni àgbàlagbà ń san, ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san 45, ẹni tí kò tó ọdún 6 kì í san. Owó ìdáàbòbò ìlera tí wọ́n ń béèrè kò gbọ́dọ̀ kéré sí Yúrò 30,000. Ohun tó ń jẹ àkókò ni ọjọ́ ìpàdé, tó lè máà sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà láti ọjọ́ àjọ̀dún tí ẹ fẹ́ lọ wò ni kí ẹ ti kà á padà sẹ́yìn. Káàdì ìtọ́jú ìlera GHIC tí wọ́n ń fún wa ní Ìlú Ọba kì í sanwó bí wọ́n bá fi hẹlikópítà gbé èèyàn kúrò lórí òkè. Ẹ ra èyí tó kọ ọ́ síwèé pé òun á san án.

Innsbruck, Verona tàbí Munich ni ẹ lè bà sí, rélùwéè tó gba Brenner, lójú ààlà Austria àti Ítálì, kọjá ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ Bolzano. Ẹ kó ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ náà, torí ọlọ́pàá máa ń yẹ àwọn èèyàn wò ní Brenner, àwa aláwọ̀ dúdú kì í sì í gbẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n ń bi. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àlejò máa ń fún yín ní Guest Pass tí ẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ìpínlẹ̀ náà láìsan owó mìíràn. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ilé, kí ẹ tó lọ háyà mọ́tò.

Bolzano fúnra rẹ̀ kò ga ju mítà 262 lọ, òkè sì yí i ká, nítorí náà ooru ibẹ̀ ní oṣù keje kò kéré. Ibẹ̀ ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òkú Ötzi wà. Tọkọtaya ará Jámánì kan, Helmut àti Erika Simon, ló rí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1991, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ ní Tisenjoch, ní gíga mítà 3,210. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún tó ti kú. Innsbruck ní Austria ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n tó wọn ilẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé inú Ítálì ló wà, mítà 92 àti ààbọ̀ péré sí ààlà.

Ọjọ́ òjò ni gbogbo ayé máa ń rọ́ lọ síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè gun òkè. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn ń ràn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, àyàfi ní oṣù keje, oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá. Òkú náà wà nínú yàrá tútù, ìwọ̀n 6 nísàlẹ̀ òdo, ojú fèrèsé kékeré kan tí kò tó ìdajì mítà ni èèyàn ti ń wò ó. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé òkú gidi ni, kì í ṣe ère. Nílé wa, a kì í fi òkú ṣèran wò, mo sì mọ òbí tí ara rẹ̀ kò gbà á. Irú wọn lè yà fún fèrèsé náà, kí wọ́n má sì pàdánù nǹkan kan, nítorí ẹrù ọkùnrin náà ló ń sọ ìtàn jù. Àáké bàbà rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọrun tí kò tíì gbẹ́ tán, fìlà awọ béárì, bàtà tó fi koríko tẹ́ nínú, àti apó ọfà. Ní 2001 ni fọ́tò X-ray fi hàn pé ẹnu ọfà olókùúta kan há sí èjìká òsì rẹ̀. Wọ́n pa á ni.

Ère rẹ̀ tó dúró níbẹ̀ ní irun gígùn. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ní ó ṣeé ṣe kí orí rẹ̀ ti máa pá, pé àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí púpọ̀ nínú ìran rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì láti Anatolia, níbi tí Turkey wà lónìí. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó dé iwájú ère náà. Lọ́pọ̀ ìgbà àwọn nìkan ni ọmọ dúdú lórí ìlà, ìbéèrè tí wọ́n á bi á sì dára ju ti ẹni tó kàn ń wo eegun lọ.

Gíga wá kù. Àfonífojì Schnals, tí àwọn elédè Ítálì ń pè ní Senales, ni ọ̀nà tó lọ sí ibi tí wọ́n ti rí Ötzi. Ọkọ̀ orí okùn kan wà ní ìparí rẹ̀ tó ń gbé èèyàn láti mítà 2,011 ní Kurzras dé mítà 3,212 ní Grawand láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó jáde láti Bolzano láàárọ̀ tó sì wọ ọkọ̀ náà lọ́sàn-án ti gòkè ní nǹkan bí mítà 3,000 lọ́jọ́ kan. Orí á fọ́ ọ, èébì lè gbé ọmọ. Òtútù náà wà: bí èèyàn bá gòkè ní mítà 1,000, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 dín kù, torí náà ọjọ́ tí Bolzano bá mú ìwọ̀n 30, Grawand á wà ní nǹkan bí 11, kí a tó sọ ti afẹ́fẹ́. Ẹ sùn ní Unser Frau tàbí Vernagt fún òru méjì kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ máa mu omi léraléra, ẹ má sì pẹ́ lókè.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá jù, tí ìwé arìnrìn-àjò kankan tí mo kà kò kọ, ni jẹ́nótáìpù. Ọmọ tó jẹ́ SS tàbí SC kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ yẹn láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́, òtútù àti àìmu omi tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti dá ìrora sílẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń dúró dè é lókè pọ̀. Omi adágún òkè náà tutù ju ohun tó yẹ kó wẹ̀ lọ. Àwọn AS gan-an kò bọ́ níbẹ̀ pátápátá: àwọn dókítà mọ̀ pé iṣẹ́ agbára ní ibi gíga ti ṣe AS mìíràn léṣe lábẹ́ egungun ìhà òsì. Bí ọmọ bá ní ibẹ̀ ń dun òun lókè, ẹ má jókòó sinmi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe 112. Ẹni tí kò bá sì lè gòkè kò pàdánù ìtàn. Ẹ wò ó dáadáa: láti Bolzano títí dé ibi tí àgùntàn ń dé sí, kò sí ohun kan tí mo ń dárúkọ níhìn-ín fún wíwò tó ga ju mítà 1,700 lọ, yàtọ̀ sí ọkọ̀ orí okùn yìí. Ní Unser Frau, tó wà ní nǹkan bí mítà 1,500, ọgbà archeoParc wà tí wọ́n ti kọ́ irú ilé ìgbà Ötzi, tí ọmọdé sì ti ń ta ọfà, tí wọ́n ń yan búrẹ́dì lórí iná. Kì í ṣí nígbà òtútù.

Ọ̀pọ̀ àgùntàn àfonífojì Schnals àti Vinschgau kì í jẹko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí Ítálì. Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti ń dà wọ́n gba orí yìnyín ní Niederjoch àti Hochjoch kọjá, lọ sí pápá Vent ní Austria. Ìwé àdéhùn lórí pápá náà ti wà láti 1415. Nígbà tí àwọn aṣẹ́gun Ogun Àgbáyé Kìíní fa ààlà gba orí òkè náà ní 1919, ẹ̀tọ́ ìjẹko kò yí padà, àgùntàn ń kọjá ààlà lọ́dọọdún títí di òní. UNESCO kọ irú dída ẹran bẹ́ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àṣà àgbáyé ní 2019.

Ìpadàbọ̀ oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ wò, ní Vernagt létí adágún. Ojú ọjọ́ ló ń yan ọjọ́ gan-an, torí náà ẹ pe ọ́fíìsì arìnrìn-àjò àfonífojì náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹ sì gba ilé fún òru tó lé kan. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni kí ẹ wọ̀, kí ọ̀nà tó dí. Kí ọmọdé dúró sí òkè ọ̀nà, má ṣe jẹ́ kí wọ́n dúró níwájú agbo: àgùntàn tó ti rìn láti òru kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni inú ọgbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé, tí olówó kọ̀ọ̀kan ń fi àwọ̀ tó kùn sí ẹ̀yìn wọn yọ tirẹ̀ jáde. Ẹ mú owó lọ́wọ́, káàdì kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Ilé oko tún jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní South Tyrol, òfin kò gbà kí wọ́n pín oko. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń jogún gbogbo rẹ̀, ó sì ń fi owó tẹ́ àwọn tó kù lọ́rùn, èyí tí wọ́n ń ṣírò lórí ohun tí oko ń mú wọlé, kì í ṣe iye tó lè tà lọ́jà. Ilé tí ìdílé kan bá ti dì mú fún ọdún 200 ó kéré tán lè gba oyè Erbhof, ẹ máa rí pátákó rẹ̀ lára ògiri. Ẹni tó mọ ìdí-igi àti orí-ò-jorí á fẹ́ bá wọn jiyàn. Èmi náà jiyàn, títí mo fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òkè Vinschgau, níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ilẹ̀ kéré títí kò fi lè bọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn òbí sì ń rán ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, gba orí òkè lẹ́sẹ̀ ní ìgbà ìrúwé lọ sí Swabia ní Jámánì, kí àgbẹ̀ ibẹ̀ fi wọ́n ṣe darandaran títí di ìgbà ìkórè. Ọjà wà ní Ravensburg tí wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ náà. Àṣà náà wà títí wọ ọ̀rúndún ogún. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ́ kò nílò àlàyé gígùn.

Gbogbo ìlú ló ní orúkọ méjì lójú ọ̀nà, òmíràn kò sì jọra rárá: Sterzing ni Vipiteno, Graun ni Curon. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì má baà gbé yín kọjá. Lẹ́yìn tí Ítálì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Austria, ìjọba Mussolini fi òfin gbé orúkọ Ítálì lé ibi gbogbo, ó ti ilé ìwé elédè Jámánì, àwọn olùkọ́ sì ń kọ́ ọmọdé ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé oko. Ní 1939, Hitler àti Mussolini ní kí wọ́n yàn: kí wọ́n kó lọ sí Jámánì, tàbí kí wọ́n dúró kí wọ́n di ará Ítálì. Ọ̀pọ̀ jù lọ yan lílọ, nǹkan bí 75,000 ló sì lọ ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà pín ìdílé níyà. Òmìnira ìṣàkóso tí wọ́n ní báyìí fìdí múlẹ̀ ní 1972. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní Jámánì ni èdè àwọn, ìdá 26 ní Ítálì, àwọn elédè Ladin kò pé ìdá 5. Nítorí náà, ẹ má pe àgbẹ̀ ibẹ̀ ní ará Jámánì, ẹ má sì fi gbogbo ẹnu pè é ní ará Ítálì. Grüß Gott ni kíkí abúlé, buongiorno sì yẹ ní Bolzano.

Ní Graun, ilé ìṣọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan ló yọrí láàárín adágún. Ní 1950, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná gbé omi náà sókè ní mítà 22, ó bo ilé 163 mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àdó wó wọn. Àlejò máa ń ya fọ́tò, wọ́n á sì lọ. Ẹ rìn létí omi, kí ẹ ka pátákó ìtàn tó wà níbẹ̀, torí àwọn tí omi lé kúrò ló kọ́ abúlé tuntun tó wà lẹ́yìn yín. Nígbà òtútù, omi náà máa ń dì. Ẹ má fi ti pé ẹlòmíràn ń rìn lórí rẹ̀ ṣe, pátákó ìkìlọ̀ ni kí ẹ wò.

Ti eégún ni mo fi kẹ́yìn, torí òun ni òbí máa ń béèrè jù. Krampus ń jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, pẹ̀lú ìwo, agogo àti pàṣán, ó sì ń na èèyàn ní tòótọ́. Ọmọ tí kò tó ọdún méje, ẹ̀yìn fèrèsé ni kó ti wò ó. Àgbà kó wọ ṣòkòtò tó nípọn. Ní Tramin, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú, Egetmann ń gbé ìyàwó, ẹran gíga tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé ń tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn á sì máa fi èédú pa ojú ẹni tó bá dúró sítòsí. Àwọn tó kun ojú wọn dúdú wà níbẹ̀, wọ́n sì wà láàárín àwọn ọmọdé tó ń ṣe Ọba Mẹ́ta ní oṣù kìíní náà. Ẹ ti bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ nílé kí ojú wọn tó rí i, kí ẹ sì pinnu bóyá ẹ fẹ́ lọ rárá. Bí ẹ bá fẹ́, aṣọ àtijọ́ ni kí ẹ wọ̀, ẹ̀yìn okùn ni kí ẹ dúró sí. Ọdún méjì méjì ni Egetmann ń jáde, ní ọdún tí òǹkà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, nítorí náà ẹ wo ọdún kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú.